Ìjàpá Di Ọ̀gá Ọ́fíìsì Òfin

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ní ìlú ẹranko, iléeṣẹ́ ọba kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin bó ṣe wù ú. Ọ̀nì tó ń bójú tó odò sọ pé òru nìkan ni kí wọ́n máa wá mu omi. Òwìwí, ọ̀gá àwọn ọdẹ òru, ní ẹni tí òun bá rí níta lóru, ẹ̀wọ̀n ni. Òùngbẹ fẹ́ pa gbogbo ìlú.

Àlápàǹdẹ̀dẹ̀ tó máa ń rìnrìn àjò wá sọ fún Kìnnìún ọba pé: "Kábíyèsí, ní California ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1980 ni ọ́fíìsì kan ti ń yẹ òfin àwọn iléeṣẹ́ ìjọba wò. Èyí tí kò bá yé ará ìlú, tàbí tó bá ta ko òfin mìíràn, wọ́n á dá a padà."

Kí ọba tó fèsì, Ìjàpá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja pé kí wọ́n dá irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nílùú àwọn, kí wọ́n sì fi òun jẹ ọ̀gá ibẹ̀. Wọ́n sì fi í jẹ ẹ́.

Gbólóhùn kan péré ni Ọ̀nì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì náà: "Ẹ má da omi odò rú." Ṣùgbọ́n iye ewé tí Ìjàpá bá kọ ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Ló bá sọ ọ́ di igba ewé: "Ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí aláìlẹ́sẹ̀, tó mu omi, tó ń múra àtimu, tàbí tí a fura sí pé òùngbẹ ń gbẹ, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tó ní tàbí èyí tí kò ní…"

Àwọn ẹranko kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ń kọrin:

Lílé: Ìjàpá, òfin odò dà?
Ègbè: Kọ ọ́ kó yé wa.
Lílé: Ewé pọ̀, ọ̀rọ̀ ò sí ńbẹ̀.
Ègbè: Kọ ọ́ kó yé wa.
Lílé: Òùngbẹ ò gbọ́ gírámà.
Ègbè: Kọ ọ́ kó yé wa.

Nígbà tó yá, òùngbẹ gbẹ Ìjàpá alára. Ó dé odò, Ọ̀nì ní, "Ewé wo ló fún ọ láyè?" Ìjàpá tú ewé títí ilẹ̀ fi ṣú. Bílẹ̀ ṣe ṣú, Òwìwí gbé e, ó di iwájú ọba. Wọ́n ní kó túmọ̀ òfin rẹ̀, ó ń wò bọ̀ọ̀.

Kìnnìún ò ti ọ́fíìsì náà pa. Ó yọ Ìjàpá, ó fi Àlápàǹdẹ̀dẹ̀ sípò, ó sì ní kí Ọ̀nì àti Òwìwí jókòó papọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí òfin wọn má baà ta kora mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Ẹ̀yin aláṣẹ, ọ́fíìsì tí yóò bá yín tún òfin ṣe dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá ń sanwó fún nítorí pé ọ̀rọ̀ pọ̀, kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán láé.