Ọlọ́run Mú Iná, Ẹ Ní Àjẹ́ Ni

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní London, ẹ kú òtútù, ẹ kú òkùnkùn. Láti Mushin lẹ ti ń sá fún NEPA bọ̀. Ẹ ta ilẹ̀, ẹ ta mọ́tò, ẹ yá owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, kí iná má baà lọ mọ́ yín lórí mọ́. Ẹ dé Peckham, iná ò lọ lóòótọ́. Oòrùn ló lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ àárọ̀ á lù kí oòrùn tó yọjú. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú 7, ó ti palẹ̀ mọ́. Ẹ ò lè tan jẹnẹrétọ̀ sí i. Ẹ ò sì lè kóra jọ lọ bá mánijà jà ní ọ́fíìsì, torí ẹni tó mú iná lọ́tẹ̀ yìí, àdúrà lẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará Aberdeen, àánú yín ṣe mí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Tiyín ò tó wákàtí méje lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní ẹ̀ ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa epo rọ̀bì. Epo rọ̀bì wà nílé, oòrùn wà nílé, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, ẹ lọ san owó ilé-ìwé ní pọ́n-ùn.

Ní Èkó, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù ò fi wákàtí kan ju ara wọn lọ. Oòrùn ilé dà bí akọ̀wé ìjọba ayé Awólọ́wọ̀: ó dé lásìkò, ó ṣíwọ́ lásìkò, kì í gba ìsinmi. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lójú nìyẹn, tẹ́ ẹ fi ń bú u pé ó ń mú jù.

Ẹ wá wo bọ̀dá yín, ẹni tó máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ jí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp láàárọ̀. Láti Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, tí wọ́n ti dá aago padà sẹ́yìn, ẹ ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó sùn wákàtí mẹ́wàá, ó jí tán, ó tún ń wá ibi tó máa sinmi sí. Ọmọ kí i, ó jágbe mọ́ ọmọ. Wọ́n pè é síbi ìkómọjáde, ó ní òun ò ráyè. Bẹ́ẹ̀ orí àga ló wà látàárọ̀, tó ń wo bọ́ọ̀lù àná. Ìyàwó rẹ̀ bá pe wòlíì. Wòlíì ní òun rí obìnrin kan, ó dúdú, ó kúrú, láti ìdí bàbá ni. Kí wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n sì fi àìsùn òru kádìí ẹ̀. Ẹni tí òkùnkùn ń dà láàmú, wọ́n tún ní kó wá jókòó ti òkùnkùn di ìdájí!

Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin tó wà ní Ìlá, tí ẹ ní òun ni àjẹ́ náà, tí kò ní páásípọ́ọ̀tù, ọ̀nà wo ló gbà kọjá ní Heathrow? Lórí ọ̀pọ̀ físà, £1,035 ni àgbàlagbà ń san lọ́dún kan fún owó ìlera nìkan. Ta ló bá ìyá san tiẹ̀? Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló fò, òtútù oṣù Kìíní á ti gan án lápá kó tó dé Luton. Ẹ fi ìyá oníyàá sílẹ̀ o. Ẹni tí ẹ kò fi owó ránṣẹ́ sí láti ọjọ́ yìí wá, ẹ tún ń purọ́ mọ́ ọn.

Ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ló bá wọn tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà Norman Rosenthal, ọmọ South Africa, kó láti Johannesburg lọ sí New York. Bí ìgbà òtútù bá ti dé, iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rín ṣe á di ẹrù. Bí oòrùn bá padà, ara á tún yá. Ó dé National Institute of Mental Health, òun àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ẹ̀, wọ́n sì sọ àìsàn náà lórúkọ ní 1984: seasonal affective disorder. Bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ò bá wọ ojú ènìyàn dáadáa, aago inú ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ara ò ní í mọ̀gbà tílẹ̀ mọ́. Oorun á pọ̀, ọkàn á rẹ̀wẹ̀sì, ẹnu á sì máa wá oúnjẹ onísítáàṣì kiri. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le fún dókítà nìyẹn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó dá àìsàn tó ń mú ènìyàn jẹ gààrí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ mọ̀ lára Ìjẹ̀bú? Bí ará Èkìtì bá sì bu iyán kún iyán, òtútù ni àbí àṣà?

Ẹ̀yin oníṣẹ́ kíà, n ò lè fi tiyín ṣeré púpọ̀. Ẹ jáde lókùnkùn, ẹ wọlé lókùnkùn, orí tẹlifíṣàn ìyá àgbà tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú lẹ ti ń rí oòrùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣíwọ́, tẹ́ ẹ bá fa kọ́tìnì pa lọ́sàn-án gangan, ẹ̀yin lẹ mú iná ara yín yẹn o. Ẹ wọ kóòtù, kẹ́ ẹ rìn yí ọgbà kan ká lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Kódà bí sánmà bá ṣú dẹ̀dẹ̀, ìta ṣì mọ́lẹ̀ ju pálọ̀ yín lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Àpótí iná kan wà tí wọ́n ṣe fún èyí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,000 lux. Bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó tì í, wọn kì í tẹjú mọ́ ọn. (Ẹni tí ojú ń dùn, tàbí tí inú rẹ̀ máa ń ga sókè kọjá ààlà tó tún ń já wálẹ̀, kó bi dókítà kó tó rà á.) Ẹ ní ó wọ́n. Tẹlifíṣàn tó gba ògiri tán ńkọ́, ta ló rà á? Àǹtí mi kan tilẹ̀ ní òun ní tòun: iná roboto tí òun fi ń ṣe fídíò TikTok ni. Àǹtí, ìyẹn wà fún kí aráyé rí yín.

Fítámínì D ńkọ́? Ìjọba Bìrìtìkó ní kí gbogbo ènìyàn ronú sí lílo máíkrógíráàmù 10 lójúmọ́ nígbà òtútù. Àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní ká ronú sí lílò ó yípo ọdún. Egungun àti iṣan ló wà fún o, n ò sọ pé ó ń lé ìrẹ̀wẹ̀sì. Àmọ́ ẹni tó fi àgbo jẹ̀dí pamọ́ sáàárín ẹ̀gúsí kọjá níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù, òun náà ló ń sọ fún mi pé òun ò fẹ́ràn oògùn.

Àwọn ará Rjukan ní Norway ò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni ṣawuyewuye. Òkè bo ìlú wọn, oòrùn ò dé àárín ìlú fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ní 2013 wọ́n gbé dígí ńláńlá mẹ́ta sórí òkè, kọ̀ǹpútà ń yí wọn tẹ̀lé oòrùn, wọ́n ń ta ìmọ́lẹ̀ sí gbàgede ìlú. Ká ní ilé wa ni, àbúrò ìyàwó alága káńsù ni ì bá gba kọ́ńtráàtì dígí náà. À bá ṣí i pẹ̀lú aṣọ ẹbí, dígí kan ṣoṣo á sì kọjú sí ilé alága.

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹ̀fẹ̀ dúró díẹ̀. Bó bá di pé ayé sú ènìyàn, tó ń rò ó pé kóun kúrò níbẹ̀, kó pe 111 ní England, kó tẹ 2. Tí kò bá tíì le tó bẹ́ẹ̀, GP wà, NHS Talking Therapies náà wà, èèyàn lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní kí lẹ fẹ́ wí fún òyìnbó? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di máíkì mú níbi ìjẹ́rìí, tẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ yàrá yín fún gbogbo ìjọ, pẹ̀lú orúkọ ọkọ!

Àwọn kan ní tàwọn yéni: Èkó làwọn máa ń lọ lóṣù Kejìlá. Wọ́n yá owó, wọ́n jó, wọ́n ná an tán. Oṣù Kìíní dé, wọ́n padà sínú òkùnkùn pẹ̀lú lẹ́tà báńkì.

Àwọn Mùsùlùmí nìkan ló ń dákẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti rí ààwẹ̀ oṣù Kẹfà rí, tí oòrùn London ò wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi kọjá. Ní 2030, Ramadan á bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Aago mẹ́rin á lù, láìpẹ́ wọn á ti máa ṣínu. Nígbà tó bá tún fi di òpin oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Kí wòlíì tó bá dábàá pé kí á fi àdúrà dá oòrùn padà lọ́dún yẹn lọ bá àwọn Àlùfáà sọ̀rọ̀ ná.