Ìwé Ìtọ́ni fún Ọ̀dẹ̀ Tó Fẹ́ Gbin Wílò Asunkún

Ọ̀dẹ̀ tó bá fẹ́ gbin wílò asunkún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ilẹ̀ tí kò yẹ ẹ́. Èyí ò le rárá nílùú Ọba. Láti Harrow dé Barnet, títí lọ dé Basildon níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń fi ọdún 25 san gbèsè ilé, amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilé. Amọ̀ ọ̀hún a máa wú bí omi bá wọ̀ ọ́, a sì máa súnkì bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú un. Ilé tó jókòó lé e ń bá a gòkè, ó ń bá a sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o rà. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ ṣáájú ogun Hitler, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìpìlẹ̀ ilé ìgbà náà kì í sábà jìn.

Lẹ́yìn náà, gba ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ojú ni kí o fi ra igi. Wílò inú ìkòkò á tẹrí ba, ewé rẹ̀ á máa mì lẹ́lẹ́, ìyàwó rẹ á ní, "Ó mà rẹwà o!" Òótọ́ ni, ó rẹwà. Àwọn tó gbin ín sétí adágún ńlá ní Hangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: àyè wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Ìwọ ò ní adágún. Ẹ̀yìnkùlé tí kò ju mítà 10 lọ ni o ní, pẹ̀lú ààrò bábíkíù kan àti kẹ̀kẹ́ ọmọ tó ti dógùn-ún. Má jẹ́ kí ìyẹn dí ọ lọ́wọ́. Pépà kékeré kan wà tí wọ́n so mọ́ igi náà, ó ń sọ pé yóò ga ju mítà 12 lọ, pé yóò sì fẹ̀ ju mítà 8. Já a sọnù kí o tó délé.

Báwo wá ni àlejò yóò ṣe mọ̀ pé igi iyì ni? Sọ fún wọn pé igi inú Bíbélì ni, èyí tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi dùùrù kọ́ létí odò Bábílónì nínú Sáàmù 137. Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe yìí, ọ̀mọ̀wé ńlá ti ṣe é ṣáájú rẹ. Carl Linnaeus, ará Sweden tó ń fún ewéko ayé lórúkọ, ló pe igi náà ní Salix babylonica ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ṣáínà ni igi ti wá. Èyí tí ó hù létí odò Yúfírétì, tí àwọn onímọ̀ rò pé òun ni Sáàmù náà ń wí, ẹ̀yà igi poplar ni. Èyí tí wọ́n sì tà fún ọ gan-an, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àdàlù: wílò Ṣáínà àti wílò funfun ilẹ̀ Yúróòpù ló bí i, 'Chrysocoma' ni wọ́n sọ ọ́. Bí pásítọ̀ bá wá kí ọ, má dárúkọ Chrysocoma rárá. Bí ẹnì kan bá já irọ́ rẹ, yà sọ́dọ̀ Napoleon: abẹ́ wílò ni wọ́n sin ín sí ní erékùṣù St Helena lọ́dún 1821, àwọn àlejò sì ń gé ẹ̀ka rẹ̀ lọ sílé, débi pé onírúurú èèyàn ló ń sọ pé tàwọn ni ojúlówó. Àyè ṣì wà fún ìwọ náà níbẹ̀.

Gbígbìn rẹ̀ kò gba ọgbọ́n, ibẹ̀ ló sì ti léwu fún irú rẹ. Bí pákí ni: gé ẹ̀ka, rì í mọ́ ilẹ̀ tútù nígbà òtútù, yóò ta gbòǹgbò. Kódà bí o bá dojú ẹ̀ka náà délẹ̀, ó ṣeé ṣe kó yè. Ẹni tó mọṣẹ́ á gbin ín láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí igi ń sinmi, á sì máa bomi rin ín dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́. Ìwọ, dúró di oṣù Keje, lọ́jọ́ tí àlejò pọ̀, kí wọ́n lè rí ọ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Bí ó bá kú, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bí kò bá kú, ó lè máa fi mítà kan ga sí i lọ́dún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbo ni kí o gbin ín sí? Ìdí ilé. Ìmọ̀ràn àwọn oníǹṣọ́ránsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí wílò fi mítà 40 jìnnà sí ilé, kò sì sí igi mìíràn nínú ìwé wọn tí wọ́n lé jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ṣírò rẹ̀ wò: láti ẹ̀yìnkùlé rẹ, mítà 40 ti la ọgbà aládùúgbò kọjá, ó ti wọ ilé ìyá àgbà tí ẹ kì í kí ara yín. Kò sí ibi tí o fẹ́ gbin ín sí tí kì í ṣe ìdí ògiri ẹnì kan. Ó kúkú yẹ kí ó jẹ́ tìrẹ ni yóò kọ́kọ́ bà jẹ́. Fi sí mítà mẹ́ta sí fèrèsé pálọ̀, kí o lè máa rí i bí o bá ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Omi ni wílò ń wá kiri. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í fọ́ páìpù tó dá ṣáká. Ṣùgbọ́n páìpù amọ̀ àtijọ́ tí ń kó omi ìdọ̀tí jáde nílé rẹ, oríkèé rẹ̀ ti là, omi ń jò níbẹ̀. Gbòǹgbò tín-ín-rín kan á gba ibẹ̀ wọlé, á bá omi, á bá oúnjẹ, á ránṣẹ́ pe ẹbí. Kò ní pẹ́ tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò fi máa dá ohun tí o fún un padà. Ọlọ́gbọ́n á pe àwọn tí ń fi kámẹ́rà wo inú páìpù. Ọ̀dẹ̀ á da kẹ́míkà sí i, á sì gba ààwẹ̀.

Ibi tí adùn wà nìyí, jẹ́ ká jókòó tì í. Lọ́dún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, kò sí ìyọnu. Ọdún ẹ̀ẹ̀rùn ni igi ń fi ara hàn. Ní 1976, ní 2018, ní 2022, oòrùn ran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé koríko ọgbà di rúsúrúsú. Wílò tó ti dàgbà kì í bẹ̀bẹ̀ omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó kù nínú amọ̀ abẹ́ ilé rẹ ni yóò fà mu. Amọ̀ á súnkì. Igun ilé tó sún mọ́ igi á rì, èyí tó kù á dúró síbi tó wà, ògiri á wá yan ibi tí yóò ti ya. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ní Basildon, aṣojú ìnṣọ́ránsì ló ń wọ̀ ọ́.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀dà ń fà bí ó bá gbẹ kọ́ là ń wí. Èyí tí à ń wí máa ń dábùú gòkè láti igun fèrèsé tàbí ti ilẹ̀kùn, òkè rẹ̀ á fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, á hàn nínú ilé, á hàn níta. Bí ó bá ti fẹ̀ ju mílímítà 3 lọ, tí ẹyọ pọ́n-ùn kan lè wọ̀ ọ́ ní ìdúró, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Kí ni ọ̀dẹ̀ ń ṣe? Á po nǹkan funfun kan, á fi dí i, á gbé fọ́tò ìgbéyàwó bò ó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, á lọ ya fọ́tò tó tóbi jùyẹn lọ.

Láti 1971 ni ìnṣọ́ránsì ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bo rírì ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, £1,000 àkọ́kọ́, àpò rẹ ni yóò ti jáde. Wọ́n á sì máa wá wọn ojú ibi tó là ní oṣù dé oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún kan gbáko, kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá béèrè pé ṣé igi wà nítòsí ilé, kọ "rárá" síbẹ̀. Irọ́ yẹn á fún wọn ní ẹ̀rí tí wọ́n fi lè sọ pé àwọn ò san kọ́bọ̀.

Ẹ̀rù á wá bà ọ́, o á gbé ayùn. Mo fẹ́ ní kí o dúró, àfi bí mo ṣe rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Káńsù lè ti fi òfin dáàbò bo igi náà, tàbí kí àdúgbò rẹ wà lára èyí tí wọn kò fẹ́ kí ìrísí rẹ̀ yí padà. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni o gbọ́dọ̀ fi sọ fún káńsù ṣáájú kí o tó fọwọ́ kan igi tí ìtí rẹ̀ nípọn ju mílímítà 75 lọ. Ẹni tó bá pa igi tí òfin ń dáàbò bò láìgbàṣẹ, kò sí òdiwọ̀n iye tí ilé ẹjọ́ England lè ní kó san. Nítorí náà, agogo méjì òru ni kí o gé e, pẹ̀lú ayùn oní-pẹtiróòlù. Ta ló máa gbọ́?

Ọ̀dẹ̀ kejì tún wà, ẹni tó ra ilé tí wílò àgbà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Òun ka gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ó ní òun gbọ́n, ó gé igi lulẹ̀ lọ́jọ́ tó kó wọlé. Omi tí igi ti ń fà mu bọ̀ látọjọ́ pípẹ́ á padà sínú amọ̀, amọ̀ á máa wú fún ọdún púpọ̀, ilé á máa ru sókè. Ó sá fún rírì, ó bá ríru.

Ti àrùn ò gba àkókò. Bí òjò ìgbà ìrúwé bá pọ̀, àrùn tí wọ́n ń pè ní anthracnose á fi àbàwọ́n dúdú sára ewé, ewé á máa já kí àsìkò tó tó. Gbá wọn kúrò. Kòkòrò kan tún wà tí ń fa omi ara wílò mu nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí, tí ń kán omi dídùn sórí ohun gbogbo tó bá wà nísàlẹ̀, tí ẹbu dúdú ń hù lé e lórí. Abẹ́ ibẹ̀ ni kí o gbé Mercedes rẹ sí.

Èèpo rẹ̀ náà wúlò, o kàn máa ṣì í lò ni. Lọ́dún 1763, Edward Stone, àlùfáà kan ní Chipping Norton, kọ̀wé sí ẹgbẹ́ onímọ̀ Royal Society pé òun lọ èèpo wílò, òun fi tọ́jú nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn tí ibà ń ṣe. Láti inú èèpo wílò ni wọ́n ti rí èròjà salicin, ìbátan oògùn tí iléeṣẹ́ Bayer ṣe lọ́dún 1897, tí gbogbo wa mọ̀ sí aspirin. Mo ti rí ọ, o ti ń wá ìkòkò àgbo. Èèpo yìí lè mú kí ara rọlẹ̀, kò lè pa kòkòrò ibà, ó sì lè da inú rẹ rú. Ìwọ tó wà nílé ní Ìbàdàn náà, igi gíga tí ewé rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì rẹ, tí àwọn olódòdó ń pè ní masquerade, kì í ṣe wílò. Fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Olùtajà tó bá láàánú lè gbé 'Kilmarnock' fún ọ, wílò kékeré tó ń tẹrí ba tí kì í sábà ga ju mítà 2 lọ, tó bá ẹ̀yìnkùlé rẹ mu rẹ́gí. Kọ̀ ọ́. Ìwọ kọ́ ni wọ́n máa fi igi kékeré tàn.

Ẹ̀yin aládùúgbò ọ̀dẹ̀ yìí, ẹ̀yin ló kù tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2001, House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà, dá ẹjọ́ ilé Delaware Mansions, wọ́n sì ní kí káńsù Westminster san owó àtúnṣe ilé tí gbòǹgbò igi ojú pópó bà jẹ́, owó tó lé ní £570,000. Àwọn onílé ti sọ fún káńsù, wọ́n ti fún un láyè, káńsù ò sì mú igi náà kúrò. Ẹ̀rí pé onígi mọ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí rọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ dákun, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀dẹ̀ náà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò ògiri yín kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà.