Láptọ́ọ̀pù Ò Mọ̀ Pé Abẹ́òkúta Ni Mò Ń Gbé

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ọmọ Líṣàbí. Láti ọjọ́ tí mo ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ pé mo fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù, kò sí ẹni tí kò di ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tí kò ra gúgúrú fún mi rí ń sọ iye RAM, ìyẹn ìrántí ẹ̀rọ, tó yẹ kí n san owó rẹ̀. Olùkọ́ girama ni mí. Ìbéèrè ìdánwò ni mò ń tẹ̀, máàkì ọmọ ilé ìwé ni mò ń ṣírò, bí àgbàlagbà kan bá sì kú nínú ìjọ wa, èmi náà ni wọ́n máa ń wá bá láti tẹ ìwé ètò ìsìn. N kò fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí rán ẹnikẹ́ni lọ sínú òṣùpá. Síbẹ̀, gbogbo ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí bí ẹni pé ìyàwó kejì ni mo ní mo fẹ́ fẹ́.

Ohun tí àwọn tó mọ̀ ń kọ́ wa ni pé nǹkan mẹ́ta lèèyàn ń wò: agbára ẹ̀rọ, bó ṣe wúwo sí, àti owó rẹ̀. Wọ́n ní kó o mú méjì, kó o fi ọ̀kan sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Èyí tó lágbára tó sì fúyẹ́, owó rẹ̀ á lé ọ jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó lágbára tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, alábàárù ló máa bá ọ gbé e. Èyí tó fúyẹ́ tó tún pọ́ọ́kú, kó tó ṣí fáìlì kan tán, o ti lọ jẹ láfún ní Kútọ̀, o ti fọwọ́, o ti dé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tèmi ni pé ẹni tó ka mẹ́ta yẹn sílẹ̀, kò gbé níbi tí wọ́n ti ń mú iná lọ rí. Iná ni ìkẹrin. Wọn kì í kọ ọ́ sára páálí, òun ló sì ń da àárín àwọn mẹ́ta yòókù rú.

Ẹ jẹ́ ká mú agbára ná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì FUNAAB, lọ́hùn-ún ní Àlàbàtà, ní n ò gbọdọ̀ ra ohun tí kì í bá ṣe i7 ti iléeṣẹ́ Intel. "Bọ̀ọ̀dá mi, i5 ti di ti àwọn àgbà." Mo ní àgbà wo ló tún kù tí n ò tíì dà? Ṣùgbọ́n mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, nítorí iṣẹ́ mi ni láti má gba ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ láìwò ó. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i7 yẹn ló yẹ kéèyàn kà. Àwọn i7 ìran kẹrin tí wọ́n fi sínú láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ, tí lẹ́tà U parí orúkọ wọn, bíi i7-4600U, ọpọlọ méjì péré, ohun tí wọ́n ń pè ní core, ló wà nínú wọn. Nígbà tí Intel gbé ìran kẹjọ jáde ní 2017, i5 lásán-làsàn, i5-8250U, ti di ọlọ́pọlọ mẹ́rin. Ẹ wá wò ó: àbúrò ti kọjá ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ṣì ń gba ìdọ̀bálẹ̀ nínú ọjà. Àwọn ọlọ́jà wa sì mọ̀ ọ́n. Gàdàgbà ni wọ́n ń lẹ i7 mọ́ ọn, wọn kì í sọ ìran rẹ̀ àfi tó o bá fi ọ̀ràn lọ̀ wọ́n.

Ìran kẹjọ yìí náà ni Microsoft fi ṣe ààlà. Àwọn Intel tí kò tó ìran kẹjọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, kò sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n wá ṣíwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10. Kí lẹ rò pé ọ́fíìsì òyìnbó á ṣe sí ẹ̀rọ tí kò lè rékọjá? Wọ́n á tì í síta. Ibo ni ohun tí wọ́n bá tì síta ń gbà lọ? Ẹ má dá mi lóhùn. Ọlọ́jà á fi ẹ̀mú yọ ìdọ̀tí inú bọ́tìnnì rẹ̀, á fi sípíríìtì nù ún, á ní, "London use nìyí, Dádì. Ó mọ́ tónítóní." Ó mọ́ lóòótọ́. Òkú tí wọ́n wẹ̀ náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí iná ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí orúkọ ọpọlọ rẹ̀ parí sí U, wáàtì 15 ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un. Èyí tó parí sí H, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń dá lọ́lá nítorí eré géèmù tó ń pè ní iṣẹ́ ilé ìwé, wáàtì 45 ni. Níbi tí iná kì í ti lọ, èyí ò kan ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí alágbára ń ṣe ni pé á mu bátìrì rẹ̀ gbẹ kó o tó kọ ìbéèrè orí kejì tán. Ọlọ́gbọ́n kan tó ń gbé nítòsí ilé wa ra irú rẹ̀. Ṣájà rẹ̀ tóbi tó búlọ́ọ̀kù kékeré. Bó bá kì í bọ ẹnu jẹnẹrétọ̀ wọn, fáànù á kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀, gbogbo ilé á wo ojú ara wọn.

Nípa iná fúnra rẹ̀, ẹ̀dùn ọkàn mi pọ̀. Ìjọba ti pín wa sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, láti A dé E. Àwọn tó wà ní A, wọ́n ní ó kéré tán wọ́n á máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ owó wọn di náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan ní Oṣù Kẹrin 2024, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 68 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wà ní E, wákàtí 4 ni ìlérí wọn. Olùkọ́ ni mí o, mo mọ irú ọmọ tí a ń fún ní E. Òbí rẹ̀ la máa ń ránṣẹ́ pè.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tó dáa níwọ̀nba, nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 50 ló ń gbà. Bí a bá fi 225 yẹn ṣírò rẹ̀, iná tó máa kún un kò tó náírà 15. Náírà 15! Kò ra súìtì. Ṣùgbọ́n bí iná ò bá sí, epo lítà kan lo máa dà sínú jẹnẹrétọ̀, èyí tó ti lé ní 1,000 náírà kí 2024 tó parí, kí o tó lè rí iná náírà 15 yẹn fà. Mo fi ìṣirò yìí ṣe ìbéèrè fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sí ìdáhùn rẹ̀ pé, "Kí wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígẹrun." Mo fún un ní máàkì gbogbo.

Torí pé ohun tí a ń ṣe nìyẹn. Ẹ ò ní ra láptọ́ọ̀pù fífúyẹ́ nítorí pé ẹ fẹ́ máa fi ṣe fáàrí nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ máa rà á nítorí pé ẹ ó máa gbé e tẹ̀ lé iná kiri. Láàárọ̀, ó ń bá mi lọ sílé ìwé, bóyá ọ̀gá àgbà á ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Lọ́sàn-án, ó di ọ̀dọ̀ onígẹrun tó ní sólà. Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé, ó ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Pásítọ̀ rò pé ẹ̀mí ló gbé mi débẹ̀. Ẹ sì mọ bí ìlú wa ṣe rí. Ẹni tó bá gbé báàgì kọ́ èjìká gun òkè nínú oòrùn ọ̀sán, kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé ìyàtọ̀ kílò kan àti kílò méjì kéré. Lórí ọ̀kadà ńkọ́? Ọlọ́kadà á gbé ọ pẹ̀lú ẹlòmíràn, báàgì á wà láàárín yín, gbogbo kòtò tó wà láti Lafẹ́nwá dé Pánṣẹ́kẹ́ ni etí báàgì yẹn á ti gún ọ ní ikùn.

Mo gbà pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti gbìyànjú láti dín ìwúwo rẹ̀ kù. Ní 1981, Adam Osborne gbé kọ̀ǹpútà kan jáde ní Amẹ́ríkà, Osborne 1, tí wọ́n ní èèyàn lè máa gbé kiri. Ó wúwo tó kílò 11, dọ́là 1,795 ni wọ́n ń tà á. Ìdajì àpò ìrẹsì ọ̀fadà kékeré ni ìwúwo yẹn lọ́wọ́ òsì, ẹ̀rọ náà kò sì ní bátìrì nínú. Àwọn ThinkPad X1 Carbon ti òde òní kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi nǹkan rọ́pò ìwúwo náà: nínú àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó pa. Iye tó o bá bá nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó o rà á, òun lo máa bá kú. Olówó nìkan ló lè ra gígùn ẹ̀mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi, díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń ra tèmi. Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi wọ ThinkPad T480, ti 2018, Intel ìran kẹjọ. Kílò kan àbọ̀ àti díẹ̀ ni. Ojú ihò RAM méjì wà nínú rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ pàápàá jẹ́ méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn, o lè yọ ti ẹ̀yìn kó o fi òmíràn sí i láìpa ẹ̀rọ. Ẹni tó ṣe é, bóyá bàbá ìyá rẹ̀ ti gbé Abẹ́òkúta rí.

Ó wá ku owó, n ò sì fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi náírà 470 ní báńkì. Nígbà tó fi di 2024, ó ti kọjá 1,500. Láptọ́ọ̀pù tuntun olówó dọ́là 500 kúrò ní 235,000, ó di 750,000, láìfi bọ́tìnnì kan kún un. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 77,000. Owó láptọ́ọ̀pù yẹn kù díẹ̀ kó jẹ́ owó oṣù mẹ́wàá gbáko, bí ẹni náà kò bá jẹ, tí kò mu, tí ọmọ rẹ̀ kò sì ṣàìsàn. Ìyàwó mi ò bèèrè ìran ọpọlọ. Ó ní, "Bàbá Tóyìn, èló ni?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé òun náà á máa gbé owó wálé?" Ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló gbà mí, pẹ̀lú oníduùró méjì tí wọn kò tíì jẹ́ kí n gbàgbé.

Wọ́n ní kí n wọ rélùwéè ní Ládẹ̀rín, kí n lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, pé ibẹ̀ pọ́ọ́kú. Mo mọ ibẹ̀. Kó o tó sọ ohun tó o fẹ́ rà, ọmọkùnrin mẹ́ta ti di apá rẹ mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pè ọ́ ní ọ̀gá mi. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ta ni wàá padà lọ bá? Mo wá tiwa nílé.

Ṣọ́ọ̀bù kan nìyí ní àárín ìlú, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbé T480 kan kalẹ̀. "Ẹ wo ara ẹ̀, Dádì. Wákàtí mẹ́fà ni bátìrì yìí ń gbé." Mo ní kó yọ wáyà. Ó ní kí ló dé. Mo ní kó ṣáà yọ ọ́. Mo ṣí Command Prompt, mo tẹ powercfg /batteryreport, ẹ̀rọ náà sì kọ ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀ jáde. Ẹ kọ àṣẹ yẹn síbì kan o, owó oṣù yín wà nínú rẹ̀. Níwájú Design Capacity, ìyẹn bí bátìrì ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, nọ́ńbà ńlá ló wà. Níwájú Full Charge Capacity, ìyẹn ohun tó lè gbà mọ́ra báyìí, nọ́ńbà náà kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin náà wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Dádì, ọ̀gá ilé ìwé ni yín?" Mo ní olùkọ́ ni mí. Ó gbé e sẹ́yìn, ó lọ sí inú lọ́hùn-ún, ó gbé òmíràn jáde. Èyí dáa. Ó ní òun ò mọ̀ pé irú èmi lòún fẹ́ tà fún.

A ná an. Mo dìde, mo jókòó. Ó bú mi níwọ̀nba, mo súre fún un. A gbà á. Mo ka owó alájẹṣẹ́kù lé e lọ́wọ́, mo pa ẹ̀rọ dé, mo ń kì í bọ báàgì.

"Ṣájà ńkọ́?"

"Há, Dádì. Ṣájà lọ́tọ̀."

Mo ní èyí tó fi ń tan án láti àárọ̀ ńkọ́. Ó ní ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.