Àfojúbà Ti Di Ìròyìn

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹni ni ọkọ̀ ẹni ni wọ́n pa á lówe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọba ìlú kejì ṣe gorí ìtẹ́ á di ẹrù rẹ̀, á rìn débẹ̀, á fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tí kò bá lè lọ ni wọ́n ń ròyìn fún. Òwe náà jókòó jẹ́ẹ́ sí àyè rẹ̀ títí kámẹ́rà fi wọ inú fóònù. Láti ìgbà náà, a ń wọkọ̀, a ń sanwó, a ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, a sì ń débi ayẹyẹ tán kí a tó gbé fóònù bojú, kí a máa wo ohun tó wà níwájú wa nínú gíláàsì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. A débi àfojúbà, ìròyìn la kó bọ̀ wálé.

Ẹ jẹ́ ká gba Warri lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, ọdún 2021, ni wọ́n dé Ogiame Atuwatse Kẹta ládé ní Ode-Itsekiri, ẹni kọkànlélógún nínú àwọn Olú Warri. Ọmọ Yorùbá ni ìyá ọba náà, èdè àwọn Ìtsẹ́kírì sì bá tiwa tan, nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń yọjú sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí. Ẹ wo fídíò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa, níbikíbi tí ọba bá ti ń jẹ, ìbáà ṣe etí omi Warri, ìbáà ṣe Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́. Ọwọ́ lẹ máa rí, tí fóònù wà lórí rẹ̀, lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí ọba. Ọba inú fóònù ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń rí. Ẹni iwájú pàápàá kò wo ọba, fóònù tirẹ̀ ló tẹjú mọ́, kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n. Nínú gbogbo àwùjọ, ọba nìkan ló ń wo èèyàn lójúkojú.

Tí onítọ̀hún bá délé, tí ìyá rẹ̀ bi í pé báwo ni adé náà ṣe rí, á ní, “Mọ́mì, ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n wá a fún yín.” Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò ti àwòrán sókè sódò. Èyí ẹ̀yìn orí èèyàn, èyí abẹ́ agboòrùn, èyí ìrẹsì. Bátìrì á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lọ síbi tí wọ́n ti dé ọba ládé, kò lè sọ àwọ̀ adé.

Ijala kò jìnnà sí Ode-Itsekiri. Ibẹ̀ ni ìrìn Ginuwa parí sí, ọmọ ọba Benin tó dá ìjọba náà sílẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún karùndínlógún. Ibẹ̀ ló kú sí, kí ìran rẹ̀ tó kó lọ sí Ode-Itsekiri. Títí di òní, Ijala ni wọ́n ti ń sin àwọn Olú. Púpọ̀ nínú àwọn tó sùn síbẹ̀, kò sí fọ́tò wọn kankan láyé. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín tí a bá fi ọdún wò ó. 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò yíyà fún aráyé ní Paris. Nígbà tó fi máa di 1848, Olú Akengbuwa wàjà, ìtẹ́ Warri sì ṣófo títí di 1936, kí Ginuwa Kejì tó gorí rẹ̀. Ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún gbáko! Gbogbo àkókò tí kámẹ́rà fi ń ti etíkun kan bọ́ sí òmíràn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Olú kankan kò sí lórí ìtẹ́ tí yóò jókòó fún un. Kámẹ́rà kanlẹ̀kùn, ọba kò sí nílé. Síbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń ka orúkọ àwọn Olú náà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ta ló bí ta, ta ló ṣe kí ni. Àfojúbà àwọn tó ń fi ojú wo nǹkan nígbà náà ló ṣì ń gbé ìròyìn tiwa ró.

Àwọn tó kọ́kọ́ ń ya fọ́tò ní sàkáání yẹn, ojú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny, ló ya Ọba Ovonramwen ti Benin ní 1897, nínú ọkọ̀ ojú omi Ivy, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. Awo gíláàsì ni Green ń lò. Ẹyọ awo kan, ẹyọ àwòrán kan. Ọba jókòó, àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú tí ọba sì fi wo kámẹ́rà lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá ti rí i kì í gbàgbé. Nígbà tó yá, Solomon Osagie Alonge di ayàwòrán ààfin Benin, ó sì ṣí Ideal Photo Studio ní 1942. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò lè yà, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n tún un yà. Wọ́n ní láti wò ó kó yé wọn ná.

Ṣé fóònù wá ti gba ipò kámẹ́rà ni? Lọ́jà, ó ti gbà á tán. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní Jàpáànù ka èyí tó lé ní mílíọ̀nù 120 tí wọ́n kó jáde ní 2010. Ní 2023, kò tó mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ilé-iṣẹ́ Kodak, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Steven Sasson, ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ní 1975, lọ jẹ́wọ́ gbèsè ní kóòtù ní oṣù Kìíní 2012. N kò sì bá fóònù jà. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní Ijala, tó ya irin tó dá, tó fi ránṣẹ́ sí onípáátì ní Warri kí wọ́n má bàa gbé òmíràn fún un, ṣé òun náà á lọ ra kámẹ́rà ni? Ní 2020, àwọn ọmọ kan ní Ìkòròdú, Ikorodu Bois, fi bárò àti pàǹtí inú ilé ṣe àwòkọ ìpolówó Extraction, fíìmù Netflix, fóònù ni wọ́n fi yà á, gbogbo ayé sì pàtẹ́wọ́. Ohun èlò ìṣefíìmù ni Netflix wá fi ta wọ́n lọ́rẹ lọ́dún yẹn kan náà. Ọgbọ́n orí àwọn ọmọ náà ni ayé rí, ṣùgbọ́n àwa ní fóònù wọn ni, a sì sáré lọ ra irú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìmọ́lẹ̀. Nínú kámẹ́rà ńlá tí àwọn oníṣẹ́ ń lò, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36 ní gígùn, 24 ní ìbú. Ti púpọ̀ nínú àwọn fóònù olówó gọbọi kò ju bíi 10 sí 7 lọ. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ti kámẹ́rà fẹ̀ tó ti fóònù lọ́nà méjìlá. Òjò kan náà ló ń rọ̀, ẹnì kan gbé bàsíà síta, ẹnì kejì gbé ife. Ẹni tó gbé ife gbọ́n féfé, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Á ya àwòrán bíi mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á pò wọ́n pọ̀, á yọ èyí tó dára. Ṣùgbọ́n ibi tí kò bá ti rí, ó máa ń méfò.

Ìméfò yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Kámẹ́rà tó bá sọ ẹ̀yìn èèyàn di bàìbàì, dígí ẹnu rẹ̀ ló ṣe é. Bí nǹkan ṣe jìnnà sí i náà ló ṣe rí. Fóònù ní tirẹ̀ jókòó, ó ń dá ẹjọ́ pé èyí ni èèyàn, èyí ni ògiri, ó wá ń fọwọ́ ra ohun tó bá pè ní ògiri. Ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí kò mú un dé òde ìyàwó rí. Mo ti rí fọ́tò ìyá kan tí etí gèlè rẹ̀ méjèèjì rá sínú ògiri bí ẹni pé iná jó o. Yẹtí kan hàn kedere, ìkejì di èéfín. Lápá ọ̀tún, ọ̀kan nínú àwọn gílóòbù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ketekete ní ẹ̀bá etí, nítorí fóònù kà á mọ́ ara ìyá náà. Ìyá yìí ní ó dára, pé ojú òun ń dán. Kí ló ṣe tí kò ní dán? Fóònù ti kun ún ní àtíkè kó tó fi hàn án. Lóòótọ́, fóònù Tecno gba oríyìn nídìí bó ṣe ń ya àwọ̀ dúdú, Google náà sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tirẹ̀ ní 2021. Ẹ ò wá rí nǹkan, àtúnṣe náà pàápàá, fóònù ló ń pinnu bí a ṣe dúdú tó.

Ti òṣùpá ló kọjá ẹ̀rín. Ní oṣù Kẹta 2023, ẹnì kan gbé àwòrán òṣùpá tó ti mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ sójú kọ̀ǹpútà, ó pa iná yàrá, ó wá fi fóònù Samsung yà á látòkèèrè. Fóònù gbé òṣùpá jáde pẹ̀lú gbogbo kòtò àti gegele rẹ̀, èyí tí kò sí nínú ohun tó ń wò rárá. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé tí fóònù bá ti dá òṣùpá mọ̀, ó máa ń ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Nílé wa, ẹni tó bá sọ ohun tí kò rí bí ẹni pé ó rí i, a mọ ohun tí à ń pè é. Àwa tí a gbé fóònù bojú kó lè bá wa rí nǹkan, ìròyìn ni fóònù náà ń ṣe fún wa, ó tún ń fi àbùmọ́ sí i.

Kí n má gbàgbé àwọn olówó. Wọ́n á ra fóònù tó ní mẹgapíkísẹ́ẹ̀lì 200, èyí tó jẹ́ pé tí wọn kò bá tọwọ́ bọ ètò inú rẹ̀, 12 ló máa ń tọ́jú fún wọn. Wọn á wá fi àwòrán náà ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, tó máa ń fún un pọ̀ kó tó gbé e lọ. Ohun tí ọ̀rẹ́ wọn gbà, fóònù olówó pọ́ọ́kú lè yà á.

Mo jókòó níbi ìnáwó àwọn ará wa kan ní Warri lálẹ́ Sátidé kan, ìyàn yìí kan náà sì ń lọ ní tábìlì wa. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá búlúù ló dá a sílẹ̀, pé ìfowóṣòfò ni kámẹ́rà, pé fóònù òun ti sọ gbogbo ayafọ́tò di aláìníṣẹ́. Ó ń yà bó ṣe ń sọ ọ́. Iná aláwọ̀ pupa àti ewéko ni wọ́n tàn sí gbọ̀ngàn, wọ́n ń ná owó, ìyàwó ń jó. Ó fi èyí tó yà hàn wá. Ìyàwó ní ọwọ́ mẹ́rin, ojú rẹ̀ sì rí bí ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀. Ó ní ijó rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò tó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀ fi dé tábìlì wa. Ó gbé fọ́tò kan sílẹ̀ níwájú ọkùnrin náà, kò sọ̀rọ̀. Fíláàṣì ti dá ijó dúró: agbádá búlúù tú bí ọkọ̀ tó ta ìgbòkun, gbogbo iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ hàn, òógùn wà ní iwájú orí, owó náírà kan ṣì wà lófuurufú láàárín ìka rẹ̀ àti orí ìyàwó.

“Ta ló ní kí o yà mí?”

“Ẹ má bínú sà. Ó bá yín mu ni.”

“Èló ni?”

“Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, sà.”

“Lórí bébà yìí? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.”

“Ha, Dádì. Ẹ wo bí agbádá yín ṣe jáde.”

Wọ́n nájà náà títí ó fi di ẹgbẹ̀rún kan. Ó sanwó, ó nu òróró ọwọ́ rẹ̀ nù, ó tẹ́ fọ́tò náà sórí aṣọ tábìlì. Ó wá yọ fóònù rẹ̀, ó ya fọ́tò náà, ó sì gbé e sórí Wọ́sáàpù rẹ̀ pé fóònù tuntun òun ló yà á.