Oníbàárà Tí Kì í Ná Ọjà

Bí mo bá gba nǹkan gbọ́, mo máa ń gbà á gbọ́ débi tí ara yóò fi ni àwọn ará ilé mi. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti oṣù keje ọdún 2025, àwọn kan kùn. Èmi lọ ra àpò aṣọ. Òun ni mo gbé lọ ra ẹja tútù ní Oyíngbò. Kí ọkọ̀ tó dé Ojúẹlẹ́gbà, yìnyín ti yọ́, omi ẹja ń kán sórí bàtà ọkùnrin tó jókòó tì mí. Ó gbójú sókè bóyá òrùlé ọkọ̀ ló ń jò. Mo bá a gbójú sókè.

Òórùn yẹn kò kúrò lára àpò, mo bá ra òmíràn. Mo gbàgbé ìyẹn sílé, mo tún ra òmíràn lọ́jà. Àpò ti kún kọ́bọ́ọ̀dù wa kí n tó kà á pé àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2011: ó di ìgbà tí èèyàn bá lo àpò òwú kan nígbà 131 kí ìpalára rẹ̀ fún ojú ọjọ́ tó wálẹ̀ dé ti ọ̀rá tí a lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àpò mi mìíràn kò tí ì fojú kan òòrùn rí.

Mo fi ọ̀rọ̀ àpò sílẹ̀, mo kọjú sí aṣọ. Mo ní n kò ní í ra aṣọ mọ́ àfi èyí tí mo bá mọ ọwọ́ tó ṣe é, n kò sì ní í rẹ́ ọlọ́wọ́ jẹ. Ìyẹn ló gbé mi dé Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, nídìí àdìrẹ. Mo ti búra pé n kò ní í ná ọjà, nítorí lójú tèmi, ẹni tó bá ń já owó aláró, oúnjẹ ọmọ aláró ló ń já.

Obìnrin kan pe aṣọ ọ̀pá márùn-ún ní náírà 18,000. Mo ka 18,000 fún un. Ó wo owó, ó wò mí, ó tún owó kà. Ẹni tó bá dá iye lé ọjà níbẹ̀, àyè ọ̀rọ̀ ló fi sílẹ̀, èmi kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó ṣàdúrà fún mi títí ó fi kan àwọn àna mi. Kó tó ṣe àmín, obìnrin mẹ́ta ti dì mí lápá mú. "Ọ̀gá wa, ẹ yà sọ́dọ̀ àwa náà o!"

Mo ní mo fẹ́ fojú rí àwọn tó ń rẹ aṣọ. Wọ́n júwe Màmá àgbà kan fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tẹ́ aṣọ mi síwájú wọn bí ẹni mú ìwé-ẹ̀rí wá sílé. Wọn kò tilẹ̀ wo iwájú aṣọ, ẹ̀yìn ni wọ́n yí i sí. Ó funfun báláú.

"Ọmọ mi, aró tó bá mu aṣọ, a máa yọ lẹ́yìn. Ẹ̀rọ ló tẹ èyí, láti Ṣáínà. Iko ò kàn án, ẹ̀kọ ò kàn án. Èló lo rà á?"

Mo sọ. Wọ́n ké sí ọmọ wọn pé kó wá gbọ́.

Mo ní kí wọ́n ta ojúlówó fún mi nígbà náà, aṣọ èlú tí kò ní kẹ́míkà nínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ló kù tó ń gún ewé èlú, tó ń sẹ́ omi eérú, tó tún ń ṣọ́ ìkòkò aró fún ọjọ́ gbọọrọ? Páúdà àti kọ́sítíìkì làwọn ń lò. Mo wo gọ́tà iwájú ilé, omi inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ mẹ́ta. Ìwàásù mi há mi lọ́fun. Gọ́tà rèé, owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ Màmá náà rèé. Mo rà á. Wọ́n ní 14,000, mo na 14,000 sí wọn. Màmá pòṣé, wọ́n ju 2,000 padà sí mi: "Gbà, má bà mí lọ́jà jẹ́."

Aṣọ Ṣáínà ni ìyàwó mi fẹ́ràn nínú méjèèjì. Ó ní èló ni. Ojú tì mí, mo ní 7,000. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n ti mú un ní aṣọ ẹgbẹ́ fún ìnáwó oṣù tó ń bọ̀. Àkáǹtì mi ló ní kí wọ́n máa san 7,000 náà sí. Obìnrin mọ́kànlá ti san.