Ìyá Aláṣọ Ń Du Orí Olórí

A kì í du orí olórí kí àwòdì gbé tẹni lọ. Òwe yìí ni ìyá aláṣọ kan ní Gbági, n'Ìbàdàn, máa ń pa fún ọkọ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé tí baálé náà bá ti sáré jẹun tán, tó kọrí sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́, owó ọbẹ̀ ni ọkọ fi ń wọlé.

Ní oṣù kẹwàá 1999, ó fi ìbínú tọpa rẹ̀. Ó ní àlè lòun fẹ́ lọ ká mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọrùn, kò rí obìnrin kankan. Kanu Nwankwo ti Arsenal ló rí lórí amóhùnmáwòrán. Chelsea ti fi góòlù méjì ṣíwájú Arsenal ní Stamford Bridge. Kanu dá ọ̀kan padà, ó dá èkejì padà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọkùnrin náà tan aṣọ́lé jáde, ó sì dúró sí kọ̀rọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rò pé àyè wà, ó gbá a wọlé. Mẹ́ta sí méjì! Kí ìyá aláṣọ tó mọ̀, ó ti dì mọ́ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ ló wá di ẹni tó ń ṣọ́ àlè.

Nígbà tí Arsenal gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 láìpàdánù ẹyọ kan ní sáà 2003 sí 2004, ó ní àdúrà òun ló gbà. Kanu kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2004. Obìnrin ò kúrò. Lónìí, ọkọ ti ń sun oorun ọ̀sán ní Sátidé, ìyàwó ló ń ti ìsọ̀. Oníbàárà tó bá wọ aṣọ Chelsea wá, iye ọ̀pá kan á lọ sókè lójijì.

Ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: "A ra Declan Rice ní 105 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, wọ́n ní a ò lówó!" Ta ni "a"? Lọ́dún 2023 tí wọ́n ra Rice, alájọ ń wá ìyá aláṣọ kiri Gbági. Ọjọ́ tí wọ́n bá na Arsenal, kò ní jẹun, kò ní dá ọkọ lóhùn, ọmọ tó bá béèrè owó ìwé á fara gbá a.

Mi ò ní kí ẹ bá obìnrin nìkan wí o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkùnrin ti ń ṣe é, fàájì la pè é. Ìgbà tí ìyá aláṣọ bọ́ sí i ni ẹbí pe ìpàdé. Ọkọ ló wá ń pa òwe àwòdì báyìí, ohùn rẹ̀ á sì le bíi ti oníwàásù.

Èyí tó dùn mí ni ti ọjọ́ 26 oṣù keje 2025. Super Falcons, ikọ̀ obìnrin wa, wà ní Rabat fún àṣekágbá, Mòrókò tó gbà wọ́n lálejò ti gbá méjì wọlé. Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé, Fọláṣadé Ijamilusi sọ ọ́ di ọ̀mì, Jennifer Echegini fi ẹ̀kẹta lé e bí eré ṣe fẹ́ parí. Mẹ́ta sí méjì, bíi ti Kanu gẹ́lẹ́! Ife Áfíríkà àwọn obìnrin pé mẹ́wàá fún Nàìjíríà, Rasheedat Ajibade, ọmọ Mushin, ló sì gbé e sókè.

Ìyá aláṣọ ńkọ́? Ọjọ́ náà gan-an ni Arsenal kéde pé àwọn ti ra Viktor Gyökeres. Àwòrán ará Sweden náà ló ń wò lórí fóònù títí oorun fi gbé e lọ. Nígbà tí mo bi í nípa Rabat, ó ní, "Ṣé àwọn obìnrin yẹn ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ni?"

Àwọn obìnrin yẹn ló gbé pátákó kiri Àbújá ní oṣù kejìlá 2016, tí wọ́n ń béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n gba ife dé. Ká ní ìdajì èébú tí Gbági ń bú rẹfirí London ni wọ́n bú sétígbọ̀ọ́ Àbújá, bóyá owó náà ì bá tètè jáde.

Ìbàdàn tí ikọ̀ rẹ̀, IICC, gba ife Áfíríkà lọ́dún 1976 ni ìyá yìí ń gbé. Pápá Lekan Salami ṣì wà ní Adámásingba, 3SC, orúkọ tí IICC ń jẹ́ lónìí, ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú un lọ wòran, kí ẹ sì jí ọkọ rẹ̀ dání. Gbági sí Adámásingba kì í ṣe ìrìn àjò.