Agbékáàdìmì, Ọmọ Apọwómápọ̀

Agbékáàdìmì, ẹ̀rọ ATM, kú iṣẹ́ o! Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí owó oṣù wọlé lo gbé káàdì mi mì, o ní kí n lọ rí báńkì mi, báńkì sì ti tilẹ̀kùn di ọjọ́ Ajé.

Agbékáàdìmì, ọmọ Apọwómápọ̀.
Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wa, ìwọ náà ò pọ̀ ọ́.
Agbémì láìjẹ, agbémì láìyó,
A-kùn-yùnyùn-bí-ẹni-ń-kawó, kó tó ní kò sówó!
Òṣìṣẹ́ tí kì í gbowó oṣù, àfi tẹni ẹlẹ́ni.

Wọ́n ní torí kí kàṣíà lè sinmi ni wọ́n ṣe gbé ọ wá. Ó sì ń sinmi lóòótọ́: ilé ló ti ń sinmi, sátífíkéètì ló fi ń fẹ́ra. Ìwọ kì í gba ìsinmi ọmọ bíbí, ìwọ kì í wẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá wo ni kò ní fẹ́ ọ?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó sì wọ́n, o di òrìṣà. Wọ́n sùn síwájú rẹ, wọ́n kọ orúkọ sínú ìwé kí ẹnì kan má baà já ìlà. Apọwómápọ̀ ò pọ kọ́bọ̀. Làwọn oní-POS bá ń fi náírà ta náírà fún wa. Níbòmíì, ₦10,000 ti di ₦7,000 kó tó dọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká fẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹni tó ru búlọ́ọ̀kù látàárọ̀ dalẹ́ ti sanwó ọ̀hún tán. Kí ló dé tó tún ní láti rà á? Olówó ń fi fóònù fowó ránṣẹ́ nínú yàrá, alágbàṣe ń pàdánù iṣẹ́ òòjọ́ lórí ìlà. Ìwà ìkà ni.

Ó dáa, Agbékáàdìmì, oríkì ò tíì tán. Láti oṣù Kẹta 2025, bí káàdì báńkì mìíràn bá yà lọ́dọ̀ rẹ, ₦100 ni lórí ₦20,000. Bó bá jẹ́ ilé ìtajà tàbí ilé epo lo dúró sí, ó lè tó ₦600. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000, ni yóò bù ú nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá báńkì, bí ẹ ò bá ní máa kówó sínú Agbékáàdìmì lópin oṣù, ẹ pe kàṣíà padà.